Ìgbẹ́ Dúdú Tí Kì Í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí: Bí Àìsàn Pánkíríásì Ṣe Ń Da Ẹ̀jẹ̀ Sínú Ìfun

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní àwọn ibùdókọ̀ tó wà ní Adó-Èkìtì, àwọn ìyá alágbo ti máa ń to ìgò wọn sórí tábìlì: ọ̀pá ẹ̀yìn nínú ìgò kan, jẹ̀díjẹ̀dí nínú òmíràn, àgbo ibà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Bí awakọ̀ kan bá dé, tó ní ìdí ń ta òun, tàbí pé inú ń run òun, tàbí pé ìgbẹ́ òun dúdú láti àná, ìyá náà kò ní bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Yóò da omi egbò àti èèpo igi tó ti ń rẹ nínú ògógóró láti ọjọ́ mélòó kan sínú ife kékeré, awakọ̀ yóò gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó di inú ọkọ̀. (Pé ẹni náà fẹ́ wakọ̀ gba orí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè kọjá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bá àwọn alágbo jà, nítorí àgbo ló tọ́ púpọ̀ nínú wa dàgbà ní Èkìtì. Ohun tó gbé mi dìde ni pé orúkọ kan ṣoṣo yìí, jẹ̀díjẹ̀dí, ti di àpò tí a ń kó gbogbo ohun tó bá gba ìdí jáde sí, tí kò sì sí ẹni tó tún ń tú àpò náà wò. Lára ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ ni àìsàn kan tí kì í wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n tó burú púpọ̀, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú ìfun láti ara ẹ̀yà ara kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé àwọn ní, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pánkíríásì. Èyí tó wá dun ni jù ni pé ọtí tí wọ́n fi rẹ egbò tí a ń mu sí ìgbẹ́ dúdú náà wà lára ohun tó ń ba pánkíríásì jẹ́ jù lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọ̀ ìgbẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ara jẹ̀díjẹ̀dí gan-an wá, ìyẹn láti ara iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ẹnu ihò ìdí, máa ń pọ́n, nítorí kò rìn jìnnà kó tó jáde. A óò rí i lára ìgbẹ́ tàbí kó máa kán tò tò tò lẹ́yìn tí a bá ti yàgbẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó bá dà sí òkè, ní àpòlúkù tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, yóò rin gbogbo ìfun já, omi inú yóò ti ṣiṣẹ́ lé e lórí, yóò sì ti di dúdú kó tó dé ìta. Ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dán, ó máa ń lẹ̀ bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì tó bá ti gbọ́ ọ rí kò ní ṣì í mọ̀. Kò gbà ju ẹ̀jẹ̀ bíi mílílítà 50 sí 100 lọ láti sọ ìgbẹ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń fún àwọn aboyún náà lè yàgbẹ́ dúdú nítorí irin tó wà nínú oògùn náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í dán, kì í sì í rùn báyẹn. Nígbà tí ìgbẹ́ bá dúdú, tó lẹ̀, tó sì ń rùn, òkè ni kí a wò, kì í ṣe ìdí.

Ọgbẹ́ inú ló sábà máa ń fà á, kò sì sí ohun tó burú nínú pé dókítà kọ́kọ́ ronú kàn án. Kódà lára àwọn tí pánkíríásì wọn ti bàjẹ́, ọgbẹ́ inú ṣì wà lára ohun tó ń da ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀, pàápàá àwọn tó ń gbé oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac jẹ lójoojúmọ́, tàbí àwọn oògùn onílúbúlúbú inú pépà tó ní aspirin nínú, nítorí inú tí kò yé run wọ́n. Ìjàǹbá máa ń wà níbi tí ìwádìí bá ti dúró sórí ọgbẹ́ inú, tí kò sì sí ọgbẹ́ kankan níbẹ̀.

Pánkíríásì dùbúlẹ̀ lẹ́yìn àpòlúkù, ó nà gbọọrọ kọjá níwájú egungun ẹ̀yìn, gígùn rẹ̀ nínú àgbàlagbà sì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Orí rẹ̀ wà ní ibi tí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré ti tẹ̀ kọdọrọ, ìrù rẹ̀ sì lọ kan ẹ̀yà ara tí àwọn àgbà ń pè ní àmọ́, lábẹ́ egungun ìhà òsì. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń tú insulin sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń darí ṣúgà ara, ó sì ń pèsè omi kan tó ń da iyán, ẹran àti ọ̀rá nínú ìfun. Omi yìí lágbára gidigidi, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá ṣe é kó máa sùn nígbà tó bá ṣì wà nínú pánkíríásì, kó tó jí nígbà tó bá dé inú ìfun. Bí àìsàn bá jẹ́ kó jí níbi tí kò yẹ kó ti jí, ara ẹni tó ni ín ni yóò máa dà bí ẹni ń da ẹran.

Ó lè ṣẹlẹ̀ lójijì, kí inú ríro tó lágbára gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn lóru, kó sì lọ. Èyí tí à ń sọ ni ti ọlọ́jọ́ pípẹ́, tó ń jẹ ẹ̀yà ara náà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ títí tí yóò fi di àpá, tí yóò le, tí òkúta wẹ́wẹ́ yóò sì máa dì sínú ọ̀nà omi rẹ̀. Ẹni tó ní in yóò máa ráhùn ìrora lókè ikùn tó ń yọ sí ẹ̀yìn, tó ń le sí i lẹ́yìn oúnjẹ, tó sì máa ń fúyẹ́ díẹ̀ bó bá jókòó tó tẹ̀ síwájú. Yóò rù. Ìgbẹ́ rẹ̀ yóò ní ọ̀rá, yóò máa léfòó, omi kò sì ní í tètè gbé e lọ. Nígbà tó bá yá, àtọ̀gbẹ lè dé.

Ọtí ni ọ̀gá ohun tó ń fà á láàárín àwọn àgbàlagbà, sìgá sì ni igbákejì rẹ̀; àwọn méjèèjì nínú ara ẹnì kan burú ju ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mùtí ni àìsàn yìí ń bá, ìwọ̀nba díẹ̀ ni, nítorí ogún ìbí náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu bíi ife mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti wọ inú ewu. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórílẹ̀-èdè wa ti kan wá. Láti ìparí ọdún 2018 ni àjọ NAFDAC ti ní àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ń pọn ọtí pé kí ọtí inú ọ̀rá àti ti inú ìgò kékeré tí kò tó mílílítà 200 kúrò lọ́jà díẹ̀díẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ ẹni tó bá rú u, ariwo sọ, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọtí fẹ̀hónú hàn, wọ́n sì sún gbèdéke náà síwájú dé ìparí ọdún 2025. Gbogbo àríyànjiyàn náà dá lórí ọmọdé, awakọ̀ àti iṣẹ́ tí yóò bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọtí inú ìgò alágbo kò sí nínú àríyànjiyàn náà rárá, nítorí oògùn là ń pè é, ẹni tó ń mu ún kò sì ka ara rẹ̀ mọ́ ọ̀mùtí. Bí dókítà bá bi í bóyá ó ń mutí, yóò fi tọkàntọkàn dáhùn pé òun kì í mu.

Irú kan tún wà tí kò ní ọtí nínú, tó máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ olóoru. Zuidema, dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Indonéṣíà, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1959: àwọn ọ̀dọ́ tó rù, tó ní àtọ̀gbẹ, tí òkúta kún pánkíríásì wọn. Wọ́n rí irú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, àwọn dókítà ní Ìbàdàn náà sì rí i. Ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ́kọ́ fura sí, nítorí májèlé sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò bá rẹ dáadáa. Èkìtì ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yìí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, tó di ìlú-mọ̀ọ́ká onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn UCH, ló fi ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 so májèlé náà mọ́ àìsàn kan tó ń ba ẹsẹ̀ àti ojú jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti pánkíríásì, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹ̀gẹ́ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ tí àìsàn náà kò sí ládùúgbò wọn, nígbà tó sì yá, wọ́n rí àléébù àjogúnbá kan lára ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn ní Íńdíà. Ẹ máa rẹ ẹ̀gẹ́ yín dáadáa síbẹ̀.

Ibo wá ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá? Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá ló yí pánkíríásì ká. Iṣan àlọ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àmọ́ gba òkè rẹ̀ kọjá, òmíràn gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lọ sí ìfun. Nígbà tí omi tó ń da ẹran bá jò jáde, tó sì rọ́ jọ sínú àpò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan bẹ́ẹ̀, yóò máa jẹ ara iṣan náà títí yóò fi fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rí mọ bí tíúbù ṣe máa ń wú bí ẹyin níbi tí rọ́bà rẹ̀ bá ti rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣan náà ṣe ń wú. Iṣan tó ń lọ sí àmọ́ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Ó lè bẹ́ sínú àpò omi náà, ó lè bẹ́ sínú ikùn, ó lè bẹ́ sínú àpòlúkù. Ó sì tún lè bẹ́ sínú ọ̀nà tí omi pánkíríásì ń gbà lọ sínú ìfun, kí ẹ̀jẹ̀ máa gba ọ̀nà náà wọlé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣọ̀wọ́n gan-an: nínú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ìfun wọn, ẹyọ kan ló máa ń jẹ́ tirẹ̀. Ọdún 1931 ni Lower àti Farrell kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, Sandblom ló sì fún un lórúkọ tí àwọn dókítà ń pè é, hemosuccus pancreaticus, ní ọdún 1970.

Ó ní ìwà ẹ̀tàn kan tí mi ò lè gbàgbé, nítorí mo rí i kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kan wà ládùúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́, káfíńtà ni. Inú rírun rẹ̀ ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa ti mọ bó ṣe máa ń fi àyà lé orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, tí yóò tẹ̀ síwájú, tí yóò sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìrora náà yóò máa le fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Yóò ránṣẹ́ sí ìyá alágbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò mu jẹ̀díjẹ̀dí ife méjì. Bó bá ṣe díẹ̀, ìrora náà yóò dẹwọ́ lójijì, yóò sáré lọ sí ilé ìgbẹ́, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà ni yóò sì yà. Nígbà tí mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín ló rín.

“Àbúrò, ó ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ burúkú ló kó jáde yẹn.”

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé kò yẹ kí ẹ lọ rí dókítà?”

Ó ní, “Àgbo ń ṣiṣẹ́, o tún ń pe dókítà.”

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ gan-an ni pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ti dí ọ̀nà pánkíríásì rẹ̀, omi àti ẹ̀jẹ̀ ń ti ara wọn lẹ́yìn ìdènà náà, òun ló ń ro ó. Nígbà tí ìdènà náà bá ṣí, ara yóò tù ú, ẹ̀jẹ̀ yóò tú sínú ìfun, ìgbẹ́ dúdú yóò sì tẹ̀ lé e. Kí àgbo wá gba ọpẹ́ nínú irú rẹ̀ kò yani lẹ́nu. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nínú ìrora yẹn, tí mo mu ún, tó sì dẹwọ́, èmi náà ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ alágbo.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ṣubú sórí pákó tó ń gé, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ní ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e dé, wọ́n ṣe ohun tó yẹ ní kíákíá: wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹbí, wọ́n sì fi kámẹ́rà wọ ọ̀fun rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kámẹ́rà náà kò rí nǹkan kan. Wọ́n kọ oògùn ọgbẹ́ inú fún un, a sì gbé e padà sílé. N kò ní sọ pé wọ́n jẹ̀bi, nítorí ẹ̀jẹ̀ náà kì í dà nígbà gbogbo. Bí kò bá dà lọ́jọ́ tí kámẹ́rà wọlé, ògiri inú yóò mọ́ tónítóní. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni pé kò sí ẹnì kan nínú wa tó tẹ̀ lé e lọ tó sọ fún wọn nípa ọdún mẹ́fà tó fi ń fi àyà lé tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n bi wá léèrè, ẹ̀jẹ̀ náà la sì sọ.

Kò tó oṣù kan tó tún ṣubú. Nígbà yìí, ilé ìwòsàn ńlá kan lẹ́yìn Èkìtì la gbé e lọ, ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà kan sì jókòó tì í, ó bi í ní ìbéèrè kan tí kò jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀: “Bàbá, kí ni ẹ máa ń ṣe bí inú bá ń run yín?” Bọ̀ọ̀dá tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ẹ̀dì láti fi hàn án. Ìyẹn ló mú kí wọ́n ya àwòrán ikùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ CT lẹ́yìn tí wọ́n ti fa oògùn àwọ̀ sí i ní iṣan, wọ́n sì rí òkúta káàkiri pánkíríásì, àpò omi kan ní ìrù rẹ̀, àti wíwú kan tó mọ́lẹ̀ rekete lára iṣan àlọ tó ń lọ sí àmọ́.

Iṣẹ́ tó dára jù lọ fún irú rẹ̀ ni kí dókítà gba iṣan ní itan wọlé pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín, kó rìn ín dé ibi tó wú, kó sì fi àwọn wáyà wẹ́wẹ́ tó ká bí sípíríǹgì dí i pa láti inú. Kò gba pé kí wọ́n la ikùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò sì pọ̀ ní Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ abẹ fi ṣì jẹ́ ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún Bọ̀ọ̀dá; wọ́n gé ìrù pánkíríásì rẹ̀ àti àmọ́ rẹ̀ kúrò pọ̀, wọ́n sì sọ fún un pé ẹni tí kò ní àmọ́ mọ́ gbọ́dọ̀ gba àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára kan, kó sì má fi ibà ṣeré, nítorí àwọn kòkòrò àìsàn kan wà tí àmọ́ ló ń bá wa lé lọ. Bí a kò bá tọ́jú iṣan tó bẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, ohun tí àwọn ìwé ìṣègùn sábà máa ń sọ ni pé àwọn tó ń kú lè tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Ọ̀nà kejì tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dà kò ní ariwo tó bẹ́ẹ̀. Iṣan àbọ̀ tó ń kó ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti àmọ́ gba ẹ̀yìn pánkíríásì kọjá. Bí pánkíríásì bá wú tó sì le, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan náà kó sì dí i. Ẹ rántí ọjọ́ tí tírélà kan bá ṣubú dí ojú ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́: gbogbo ọkọ̀ yóò yà sí àwọn ọ̀nà tóóró inú àdúgbò tí wọn kò ṣe fún irú èrò bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àmọ́ ṣe ń yà sí àwọn iṣan kéékèèké ní òkè àpòlúkù, tí wọn yóò wú, tí ọ̀kan yóò sì bẹ́ lọ́jọ́ kan. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n kó jọ, dídí iṣan yìí ń ṣẹlẹ̀ sí díẹ̀ ju mẹ́wàá lọ nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí pánkíríásì wọn ń wú, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn. Ohun tó yẹ kó ta dókítà lólobó ni pé ẹ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ dá ṣáṣá. Iṣan inú tó wú láti ara ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ là ń rí jù. Bí ẹ̀dọ̀ bá dára tí iṣan òkè àpòlúkù nìkan sì wú, kí a wá pánkíríásì lọ. Yíyọ àmọ́ kúrò máa ń tán ìṣòro náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń wá ọ̀nà kò sí mọ́.

Ní Èkìtì, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, ti yunifásítì Afẹ́ Babalọlá sì wà ní Adó bákan náà, nítorí náà kì í ṣe pé kò sí ibi tí ènìyàn lè sáré gbà. Ẹni tó bá yàgbẹ́ dúdú, tó ń pọ ẹ̀jẹ̀, tàbí tí òòyì ń kọ́ nígbà tó bá dìde, kò yẹ kó sun ọjọ́ náà nílé. Kí àwọn tó bá gbé e lọ sì sọ gbogbo ìtàn ikùn rẹ̀, títí kan iye ìgbà tó ń mu àgbo nínú ọ̀sẹ̀, pé inú ọtí ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, àti orúkọ gbogbo oògùn ara ríro tó ti gbé jẹ. Ojú lè máa ti aláìsàn láti sọ ọ́ níwájú ọmọ rẹ̀. Ẹ bẹ ọmọ náà kó jáde.

Bọ̀ọ̀dá ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ti fi sìgá àti gbogbo ohun tó bá ní ọtí nínú sílẹ̀, àtọ̀gbẹ rẹ̀ ń fẹ́ àbójútó, owó kápúsù tó ń bá a da oúnjẹ sì ń ka á láyà lóṣooṣù. Bí wọ́n bá gbé iyán ka iwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yóò kọ́kọ́ gbé kápúsù náà sí etí àwo ọbẹ̀, kó má baà gbàgbé, kó tó bu òkèlè àkọ́kọ́. Ìyá alágbo ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì máa ń bi í pé ìgbà wo ni yóò wá gba jẹ̀díjẹ̀dí rẹ̀.